Iye Tí Ojú Rí àti Iye Tí Àpótí Pa Mọ́

Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ ìṣirò mu ju bí a ti rò lọ, nítorí pé nọ́ńbà pẹ̀lú a máa wọ aṣọ. Nínú ìwé-ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí a ń pè ní Excel, Google Sheets tàbí LibreOffice Calc, iye kan lè wà nínú àpótí rẹ̀ ní kíkún, kí ó sì fi ojú mìíràn han ẹni tí ń wò ó. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń wò ó lásán, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí a bá dà á kọ, tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀. Nípa èyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé báńkì nìkan ni èyí. Ní 1926 ni a parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, láti ìgbà náà wá ni ìṣirò sì ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ níbẹ̀: ìwọ̀n ẹrù, owó ọkọ̀, owó-ibodè àti owó-iṣẹ́. Ajégúnlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀, wà nítòsí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté náà ni ó ń gbé Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn sì ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé owó-iṣẹ́ bàbá àti ìwé èsì ìdánwò ọmọ, orí irú ìwé-ìṣirò kan náà ni a ti ń ṣe méjèèjì lónìí. Bí akọ̀wé ní Àpápá bá lẹ iye ní àṣìṣe, owó bàbá lè dín. Bí olùkọ́ ní Ajégúnlẹ̀ bá lẹ iye ní àṣìṣe, ọmọ lè tún kíláàsì kan kà láìjẹ̀bi.

1. KÍ NI A Ń PÈ NÍ SÍSÚN IYE?

Láti sún iye ni pé kí a gbé e lọ sí odidi tí ó sún mọ́ ọn jùlọ, ìbá à ṣe odidi náírà, odidi kọ́bọ̀ tàbí odidi máàkì. Òfin tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé ni pé bí nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé ibi tí a fẹ́ dúró sí bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sún iye sókè. Bí ó bá dín sí 5, kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Nípa bẹ́ẹ̀, 14,285.714 di 14,285.71 bí a bá dúró sí kọ́bọ̀, ó sì di 14,286 bí a bá dúró sí náírà.

Sísún iye kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá wí pé ẹrù kan tó ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 owó ẹyọ, kò sọ pé òun ti kà á pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di sísan, wọn a jókòó, wọn a sì ka owó ẹyọ náà ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrín iye tí a fi ń sọ̀rọ̀ àti iye tí a fi ń sanwó. Ìyàtọ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà ń mú kí a gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àpẹẹrẹ kan láti inú ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńnì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Níwọ̀n bí pẹ́ńnì méjìlá ti wà nínú ṣílè kan, pẹ́ńnì kan jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà kọ́bọ̀ kan, èyíinì ni 0.8333, tí 3 rẹ̀ kò lópin. Bí ẹnìkan bá kọ 0.83 sílẹ̀, tí ó sì wá fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, 9.96 ni yóò rí dípò 10. Bí ó bá sún pẹ́ńnì kọ̀ọ̀kan di kọ́bọ̀ kan, 12 ni yóò rí. Ṣílè kan ni a fi bẹ̀rẹ̀, èsì mẹ́ta ni ó ti jáde, nítorí ibi tí a ti sún iye nìkan.

2. WÍWỌ AṢỌ FÚN IYE ÀTI GÍGÉ IYE

Ohun méjì ni a lè ṣe sí iye nínú ìwé-ìṣirò, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni wíwọ aṣọ fún un. A ó yan àpótí, a ó sì pàṣẹ pé kí ó máa fi nọ́ńbà méjì péré hàn lẹ́yìn àmì ìdámẹ́wàá. Bí ó ti rí lójú nìkan ni ó yí padà. Iye tí ó wà nínú rẹ̀ kò dín, kò sì pọ̀. Èkejì ni gígé e ní tòótọ́. Fún èyí, a ó kọ ìlànà =ROUND(B2,2) sínú àpótí mìíràn. Iye tí ó wà nínú àpótí B2 ni a ó sún dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdámẹ́wàá, ohun tí ojú rí àti ohun tí àpótí pa mọ́ yóò sì di ọ̀kan. Bí a bá kọ 0 dípò 2, odidi náírà ni yóò fún wa. Bí a bá kọ -1, yóò sún iye dé náírà mẹ́wàá mẹ́wàá, èyí tí ó wúlò fún ọlọ́jà tí kò lè rí kọ́bọ̀ fi ṣe ṣéńjì.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ká ní àwọn alágbàṣe méje já ẹrù ní èbúté, tí a sì ní kí wọn pín ₦100,000 lọ́gbọọgba. A kọ =100000/7 sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, a sì wọ aṣọ kọ́bọ̀ méjì fún un. Ojú rí 14,285.71 nígbà méje. Nísàlẹ̀, níbi tí a ti ṣe àpapọ̀, ojú rí 100,000.00. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n kí alágbàṣe kan tí ó mọ ìṣirò mú gègé, kí ó ṣe àpapọ̀ ohun tí ó rí lórí ìwé: 99,999.97 ni yóò bá. Yóò béèrè pé níbo ni kọ́bọ̀ mẹ́ta wọlé sí, kò sì jẹ̀bi nínú ìbéèrè rẹ̀. Bí a bá sì wọ aṣọ odidi náírà fún un, yóò rí 14,286 nígbà méje, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100,002, nígbà tí ìsàlẹ̀ ìwé náà ṣì ń sọ pé 100,000.

Ìwé náà kò purọ́, kọ̀ǹpútà náà kò sì ṣàṣìṣe. Àpótí ìsàlẹ̀ ń ro iye tí a pa mọ́ pọ̀. Ènìyàn ń ro iye tí ojú rí pọ̀. Èyí tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ gé ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ROUND, kí a wo iye tí ó kù, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Bí àpẹẹrẹ, kí àwọn mẹ́fà gba 14,285.71, kí ẹnìkan gba 14,285.74, kí gbogbo wọn sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà náà ni ìwé àti owó yóò bá ara wọn mu.

3. Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ IYE Ń GBÀ RÌN

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ìdàkọ àti ìlẹ̀mọ́ ti ń dàrú. Ẹ mú àpótí kan tí ó fi 14,285.71 hàn, ṣùgbọ́n tí ó pa 14,285.7142857143 mọ́, kí ẹ sì kíyèsí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

(a) Bí a bá dà á kọ, tí a sì lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí mìíràn lọ́nà àtilẹ̀wá, ìlànà ìṣirò inú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Bí ìlànà náà bá ń tọ́ka sí àpótí mìíràn, ìtọ́ka náà yóò sún kúrò ní ibi tí ó wà, èsì sì lè di òmíràn pátápátá.

(b) Bí a bá yan «Paste Special», tí a sì mú «Values», iye nìkan ni yóò lọ láìmú ìlànà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: iye tí ó pa mọ́ ni yóò lọ, kì í ṣe èyí tí ojú rí. Bí àpótí tuntun kò bá ní aṣọ, nọ́ńbà gígùn náà yóò yọ síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹnu ń yà níbi yìí, wọn a sì máa bi ara wọn pé, «Ṣebí mo ti sún un?» Wọn kò sún un, aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un.

(d) Bí a bá lẹ̀ ẹ́ sínú lẹ́tà, sínú ìwé Notepad tàbí sínú iṣẹ́ tí a fẹ́ fi rán ènìyàn lórí WhatsApp, ohun tí ojú rí ni yóò lọ: 14,285.71. Bí ẹni tí ó gbà á bá tún lẹ̀ ẹ́ padà sínú ìwé-ìṣirò tirẹ̀, iye gígùn àtijọ́ ti sọnù. Àwọn méjì lè wí pé ìwé kan náà ni àwọn ń lò, kí iye wọn má sì dọ́gba.

(e) Bí a bá fi Excel tọ́jú ìwé náà ní irú tí a ń pè ní CSV, láti gbé e lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, ohun tí ojú rí ni yóò kọ síbẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tí a wọ̀ fún iye nítorí ẹwà lásán yóò wá di gígé tí a kò lè tún ṣe.

Ọ̀nà tí ó dá wa lójú ni èyí: kí a kọ ROUND sí òpó tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí a da òpó tuntun náà kọ, kí a sì fi «Values» lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí a ń gbé e lọ. Òpó àtijọ́ kò ní bàjẹ́, iye tí ó sì dé ibi tuntun ni iye tí a rí gan-an. Excel ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ «Set precision as displayed», tí ń sọ gbogbo iye inú ìwé di bí ojú ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí olùbẹ̀rẹ̀ ṣọ́ra fún un, nítorí ohun tí ó bá gé kì í padà wá mọ́.

4. ÌṢÒRO OWÓ ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ NÍ ÀPÁPÁ

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kọ́bọ̀ mẹ́ta kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí iye tí a sún bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ fi sọ iye mìíràn di púpọ̀, àṣìṣe kékeré yóò dàgbà.

Dọ́là ni a fi ń ra púpọ̀ nínú ẹrù tí ń gba Àpápá wọlé, náírà ni a sì fi ń san owó-ibodè. Ẹ jẹ́ kí a gbà, fún àpẹẹrẹ nìkan, pé dọ́là kan jẹ́ ₦1,523.4567, àti pé ẹrù oníṣòwò kan jẹ́ $24,870. Bí akọ̀wé bá da iye tí ojú rí kọ láti inú lẹ́tà, tí ó rí 1,523.46, iye ẹrù náà yóò fi ₦82.07 lé. Bí ẹlòmíràn bá ti wọ aṣọ odidi náírà fún un, tí akọ̀wé náà sì kọ 1,523, iye ẹrù náà yóò fi ₦11,358.13 dín. Owó tí ó lé ní ẹgbàárùn-ún náírà ti wọmi nítorí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn àmì kan! Bí ìwé ti oníṣòwò àti ìwé ti aṣojú rẹ̀ kò bá sì fẹnu kò, ọ̀rọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó yanjú, ẹrù yóò sì máa jókòó.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a má ṣe sún iye tí a ó fi ṣe iṣẹ́ síwájú sí i. Kí a ṣe iṣẹ́ náà tán, kí a tó sún èsì rẹ̀.

5. ÌWÉ ÈSÌ ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Èyí ni ó kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jùlọ. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ fi 50 ṣe òdiwọ̀n ìyege, tí ọmọ kan sì gba 48 ní sáà kìíní, 51 ní sáà kejì àti 50 ní sáà kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 149. Bí a bá fi 3 pín in, 49.67 ni. Olùkọ́ wọ aṣọ odidi fún un, ojú sì rí 50. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ń pín àwọn tí ó yege sọ́tọ̀ kò wo aṣọ. Iye tí a pa mọ́ ni ó wò, ó sì kọ ọ́ pé ọmọ náà kò yege. Ìwé náà wá dé ọwọ́ ìyá ọmọ: «50. Kò yege.» Ìyá kà á, ó sì mọ̀ pé 50 ni òdiwọ̀n. Kí ni olùkọ́ yóò sọ fún un?

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní láti pinnu, kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, bóyá 49.67 jẹ́ 50 tàbí kò jẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ 50, kí a fi ROUND sínú ìlànà ìyege pàápàá. Bí kò bá jẹ́ ẹ, kí a kọ 49.67 síta kí gbogbo ènìyàn rí i. Ohun tí kò yẹ ni pé kí ojú sọ ọ̀kan, kí inú sọ òmíràn.

Ewu kejì ni sísún lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ kíláàsì ní 49.45. Ó sún un dé nọ́ńbà kan lẹ́yìn àmì, ó di 49.5, ó sì fi «Values» lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá sún un dé odidi, ó di 50. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni a sún 49.45 dé odidi, 49 ni ìbá jẹ́. Àwọn méjèèjì tẹ̀lé òfin, síbẹ̀ èsì kò tọ́.

Ewu kẹta ni ti ipò. Ọmọ méjì lè ní 67 lórí ìwé, kí ọ̀kan wà ní ipò kejì, kí èkejì wà ní ipò kẹta, nítorí pé 67.4 ni ti ọ̀kan, 66.5 sì ni ti èkejì. Bí a kò bá fi nọ́ńbà kan lẹ́yìn àmì hàn, àwọn òbí yóò rò pé a ṣe ojúsàájú.

6. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìíní, 1982, ọjà ìpín-ìdókòwò ti ìlú Vancouver ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ òdiwọ̀n tuntun kan pẹ̀lú 1,000. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá tún òdiwọ̀n náà ṣírò, yóò gé gbogbo ohun tí ó bá kọjá nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì dànù láìsún un sókè rárá. Ní oṣù Kọkànlá, 1983, òdiwọ̀n náà ti sọ̀kalẹ̀ sún mọ́ 520, nígbà tí ó yẹ kí ó ju 1,090 lọ. Ọjà kò ṣubú. Ìṣirò ni ó ṣubú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, 1992, wọ́n dìbò ní ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò bá ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kì í sábà rí ìjókòó gbà nínú ilé ìgbìmọ̀ níbẹ̀. Ìwé èsì kọ́kọ́ fi hàn pé ẹgbẹ́ Greens ní 5.0. Nígbà tí a wò ó dáadáa, 4.97 ni, nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn àmì ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ síta. A ní láti tún ìjókòó pín, ẹgbẹ́ Social Democrats sì wá ní 45 nínú 89, èyí tí ó fún un ní agbára láti dá ìjọba ṣe. Aṣọ tí a wọ̀ fún iye kan fẹ́rẹ̀ yí ìjọba ìpínlẹ̀ kan padà.

7. ÒFIN MÁRÙN-ÚN FÚN OLÙKỌ́ ÀTI AKỌ̀WÉ

Èkíní: Kí a pa iye kíkún mọ́ ní òpó kan tí a kì í fọwọ́ kàn.

Èkejì: Kí a sún iye lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìparí iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta: Bí iye bá ń lọ sí ibòmíràn, kí a fi ROUND gé e, kí a sì fi «Values» lẹ̀ ẹ́. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé aṣọ.

Ẹ̀kẹrin: Kí a kọ sí orí òpó pé a ti sún iye rẹ̀, àti ibi tí a sún un dé.

Ẹ̀karùn-ún: Lẹ́yìn tí a bá lẹ̀ ẹ́ tán, kí a ṣe àpapọ̀ ohun tí ojú rí, kí a sì fi wé àpapọ̀ àtijọ́. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a má ṣe fi í pamọ́.

8. ÌDÁNRAWÒ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, 2020, ni owó-orí ọjà tí a ń pè ní VAT ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà. Ọlọ́jà kan ta ọjà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦2,350.90. (i) Ẹ ṣírò owó-orí ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sún un dé kọ́bọ̀, kí ẹ sì ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. (ii) Ẹ ro owó-orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìsún un, kí ẹ tó wá sún àpapọ̀ wọn dé kọ́bọ̀. Ẹ ó rí ₦528.96 ní ọ̀nà kìíní, ẹ ó sì rí ₦528.95 ní ọ̀nà kejì. Ẹ sọ èyí tí ó yẹ kí ó wà lórí ìwé tí ẹ ó fún oníbàárà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a kò ní pẹ́ jáde kúrò níhìn-ín, a ó sì jókòó níwájú ìwé èsì tí orúkọ ogójì tàbí ọgọ́ta ọmọ wà nínú rẹ̀. Ìyá tí yóò ka èsì náà lè má mọ ohun tí ń jẹ́ ROUND láéláé. Ohun tí ó mọ̀ ni pé olùkọ́ ni ó kọ nọ́ńbà náà, àti pé olùkọ́ kì í kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a rí i dájú, kí a tó fọwọ́ sí ìwé, pé ohun tí ó wà nínú àpótí ni ohun tí a ní kí ó gbàgbọ́.